Èmi Ni Mo Ní Kó Lọ Sùn Níbẹ̀

Ẹ má bá mi sọ pé òfin ni òfin. Ẹni tó bá sọ ọ́ lójú mi, ìjà ni yóò dá sílẹ̀.

Mo mọ òfin náà. Mo mọ nọ́ńbà rẹ̀, mo mọ ojú ìwé tó wà. Òun ni wọ́n fi ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ nítorí ibùsùn kan àti abọ́ oúnjẹ. Èmi ni mo sì bá wọn di ọmọ náà lọ́wọ́ mú kí wọ́n lè rí i nà.

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi. Èébú tọ́ sí mi. Àmọ́ ẹ kà á dópin ná.

Alábòójútó ilé ìgbé àwọn obìnrin ni mí nílé-ẹ̀kọ́ gíga kan. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe é, kásúà, òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀, ni wọ́n sì kọ sára ìwé mi láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Màmá Họ́sítẹ́ẹ̀lì ni àwọn ọmọ ń pè mí. Èmi ni mò ń pín kọ́kọ́rọ́, èmi ni mò ń parí ìjà bọ́kẹ́ẹ̀tì, èmi ni mò ń ti géètì.

Kòkọjá wà lára àwọn ọmọ náà. Aṣọ́lé ni fún ikọ̀ bọ́ọ̀lù obìnrin ilé-ẹ̀kọ́ wa. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí pé bí bọ́ọ̀lù bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò kọjá. Ó ga bí òpó iná, ohùn rẹ̀ sì kéré bíi ti ọmọ ọdún mẹ́fà. Ìyá rẹ̀ ti kú. Bàbá rẹ̀ fẹ́ ìyàwó mìíràn, ìyàwó náà sì ti sọ fún un pé inú ilé ti há. Torí bọ́ọ̀lù tó ń gbá ni ilé-ẹ̀kọ́ ṣe ń kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí kò bá gbá bọ́ọ̀lù, kò sí ilé-ẹ̀kọ́.

Ọdún tó yẹ kó jáde ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀.

Ó ku ọjọ́ méjì kí ìsinmi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí páìpù omi bẹ́ nísàlẹ̀ ilé. Omi kún yàrá mẹ́fà. Ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀wé sí mi pé kí n kó gbogbo ọmọ jáde, kí n sì ti géètì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kálukú di ẹrù rẹ̀, ó gba ilé lọ. Kòkọjá nìkan ló jókòó sórí àpótí rẹ̀ lẹ́nu géètì.

"O ò ní lọ ni?"

"Màmá, ibo ni kí n lọ?"

Yàrá kan ni èmi náà ní, èmi, ọmọbìnrin mi méjì àti ìyá ọkọ mi. Bẹ́ẹ̀ ìdíje ńlá kò ju oṣù méjì lọ mọ́, ikọ̀ náà sì ń gbáradì lójoojúmọ́ láìka ìsinmi sí. Mo bá fi fóònù pe Kóòṣì wọn.

Obìnrin ni Kóòṣì. Kì í rẹ́rìn-ín lórí pápá, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ kò jìnnà sí pápá, ibùsùn kan sì ṣófo nínú yàrá ọmọ rẹ̀ obìnrin.

"Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ọmọ yìí sílé títí wọ́n á fi tún páìpù ṣe."

"Màmá, ṣé kò ní í di wàhálà? Ẹ mọ̀ pé Àjọ ní òfin o."

"Òfin wo? Ṣé kí ọmọ sùn síta ni? Ẹ wá mú un jàre. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín, ẹ ní èmi ni mo ní kó lọ."

Ẹnu mi yìí ló sọ ọ́. Mo tún fi bírò kọ ọ́ sínú ìwé ìjáde, níbi tí mo ti ń kọ ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń lọ: *Ó lọ sílé Kóòṣì. Èmi ni mo yọ̀ǹda.* Mo fọwọ́ sí i.

Àjọ tí Kóòṣì ń sọ yìí ló ń ṣàkóso eré ìdárayá láàárín gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Àwọn ló ń sọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbá bọ́ọ̀lù àti ẹni tí kò ní. Wọ́n á gbé ìwé tó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù fún ọmọ ọdún méjìdínlógún, wọ́n á ní, "Buwọ́ lù ú níbí." Kò sí ọmọ tó ń kà á tán. Àwọn náà kò retí kó kà á.

Ọjọ́ kẹfà tí Kòkọjá débẹ̀, ọmọ Kóòṣì yà á ní fọ́tò níbi tó ti ń fọ abọ́, tí fóòmù ọṣẹ dé ìgúnpá rẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín. Ó gbé e sórí ẹ̀rọ ayélujára. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi tuntun rèé. Ó mọ abọ́ fọ̀ ju bọ́ọ̀lù lọ."

Kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ tí ilé-ẹ̀kọ́ tó ń bá wa figagbága fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí Àjọ.

Lẹ́tà dé. *Eléré ìdárayá kankan kò gbọdọ̀ gba ilé, oúnjẹ tàbí ọkọ̀ lọ́wọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá, àyàfi èyí tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ yòókù ń rí gbà.* Wọ́n ní kí Kòkọjá má fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù mọ́ títí ìwádìí yóò fi parí. Wọ́n kọ "ìwádìí" bí ẹni pé ó pa èèyàn.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá eré ìdárayá nílé-ẹ̀kọ́ wa ránṣẹ́ pè mí. Olóòǹtẹ̀ ni àwọn ọmọ ń pè é, torí kò sí ohun tó ń kọjá láìgba òǹtẹ̀ rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn.

"Màmá, ẹ jókòó."

Láti ọdún mọ́kànlá, kò ní kí n jókòó rí. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti fura.

"Àjọ ń béèrè ẹni tó rán ọmọ yìí lọ síbẹ̀," ó ní. "Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni, ilé-ẹ̀kọ́ ló rúfin nìyẹn. Wọ́n á yọ gbogbo ikọ̀ kúrò nínú ìdíje. Ọmọ mọ́kànlélógún, Màmá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ ẹnì kan nìyẹn."

"Sà, èmi ni mo rán an."

"Mi ò gbọ́ ìyẹn." Ó fa fáìlì kan yọ láti inú dúrọ́ọ̀. "Ẹ wo èyí ná."

Orúkọ mi ni mo rí. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ gidi ni, kì í ṣe kásúà. Ìwòsàn ọ̀fẹ́ fún èmi àti ìdílé mi. Owó ìfẹ̀yìntì. Ìsinmi tí wọ́n ń sanwó fún. Gbogbo ohun tí mo ti ń tọrọ láti ọdún mọ́kànlá, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ rèrè sórí ìwé funfun.

"Ó yẹ kí wọ́n ti ṣe é fún yín tipẹ́," ó ní, bí ẹni tí àánú mi ń ṣe. "Òǹtẹ̀ nìkan ló kù."

Ó wá rọra ti ìwé kejì sún mọ́ mi. Ìlà àkọ́kọ́ ni mo kà: *Mi ò mọ ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ náà lọ.*

Ẹ̀yin òǹkàwé, ó wù mí kí n sọ fún yín pé mo ronú lọ títí. Mi ò ronú. Mo kàn ń wá àwáwí, mo sì rí i kíá. Mo ní ojú ń dun ìyá ọkọ mi, ó nílò dókítà. Mo ní ọmọ mọ́kànlélógún ju ọmọ kan lọ. Mo ní ọmọ náà ṣì kéré, yóò rí ọ̀nà mìíràn. Mo mú bírò, mo fọwọ́ sí i.

Olóòǹtẹ̀ gbé òǹtẹ̀. Gbà!

"Ìwé ìjáde yẹn ńkọ́?" ó ní, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

Mo padà sí ọ́fíìsì mi, mo ya ojú ìwé náà, mo ṣáná sí i nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó jó tán kí n tó ka mẹ́wàá.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ìdájọ́ dé. Wọ́n ní kí Kòkọjá má gbá bọ́ọ̀lù fún ọdún kan àbọ̀. Fún ọmọ tó yẹ kó jáde lọ́dún yẹn, ó ti parí nìyẹn. Wọ́n dá Kóòṣì dúró níbi iṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Inú sítọ́ọ̀ ni mo wà, mò ń to mátírẹ́ẹ̀sì, nígbà tí Kòkọjá wọlé. Ó ní láti tẹ̀ kí orí rẹ̀ má bàa kan àtẹ́rígbà.

"Màmá, wọ́n ní kí n mú ẹlẹ́rìí kan wá. Mo ti fi orúkọ yín sílẹ̀."

"Orúkọ mi?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n lọ. Bí ẹ bá ti sọ ọ́ fún wọn báyìí, ọ̀rọ̀ ti bùṣe."

Ó ń rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé ìwé kankan wà. Àjọ kì í fi ohun tí wọ́n kọ nípa èèyàn han èèyàn títí yóò fi dé iwájú wọn. Èyí náà, òfin ni wọ́n pè é!

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti jẹ́wọ́. Àwa méjì péré ni. Mo la ẹnu, ohun tó jáde ni, "Kò burú, ọmọ mi. Màá wá."

Ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di ọwọ́ mi mú. "Ẹ ṣé, Màmá. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní já mi kulẹ̀."

Kóòṣì náà pè mí lọ́jọ́ yẹn. "Màmá, mi ò bẹ̀ yín nítorí tèmi. Ẹ ṣáà sọ òtítọ́ nítorí ọmọ yẹn." Mo ní mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa, mo pa fóònù.

Àwọn mẹ́ta ni Àjọ rán wá: Alága, lọ́yà kan, àti akọ̀wé obìnrin kan. Wọ́n dé nígbà tí ẹjọ́ ku ọ̀la. Ilé-ẹ̀kọ́ wa fi ọkọ̀ lọ gbé wọn ní pápákọ̀ òfuurufú. Olóòǹtẹ̀ pàṣẹ pé kí n tún ilé àlejò ṣe fún wọn. Mo tẹ́ aṣọ funfun tuntun tí wọn ò tíì yọ nínú ọ̀rá rí sórí ibùsùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹran oríṣi mẹ́ta ni wọ́n sè fún wọn. Alága pàdé mi lọ́dẹ̀dẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wọ́ ọrùn.

"Màmá, ẹ bá mi wá ìrọ̀rí kan sí i. Ọrùn ń dùn mí."

Mo gbé méjì fún un.

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a jókòó. Yàrá ìpàdé inú ilé ìkàwé ni, tábìlì gígùn, omi inú ìgò níwájú kálukú wọn. Kòkọjá yá kóòtù dúdú wọ̀. Apá kóòtù náà kò dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Kóòṣì jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Olóòǹtẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó káwọ́ sáyà.

Ọmọ náà sọ tẹnu rẹ̀. Kò fi kún un, kò yọ kúrò.

"Ta ló ní kí o lọ?" Alága bi í.

"Màmá Họ́sítẹ́ẹ̀lì ni, sà. Àwọn nìyí."

Alága wo ìwé iwájú rẹ̀, ó wò mí. "Ìyáàfin, ṣé ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí èyí?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. "'Mi ò mọ ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ náà lọ. Kò gba àṣẹ lọ́wọ́ mi. Ọmọ aláìgbọràn ni, mo sì ti kìlọ̀ fún un lọ́pọ̀ ìgbà pé kó yéé sùn síta.'"

Ọmọ aláìgbọràn! Mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mi ò kà á dé ìsàlẹ̀. Bí mo bá tiẹ̀ kà á, ẹ̀rù ń bà mí láti sọ ohun tí ǹ bá ṣe.

Kòkọjá yíjú sí mi. Kì í ṣe pé ó bínú. Ó ń wò mí bí ẹni tó rò pé obìnrin mìíràn ló ń jẹ́ orúkọ mi.

"Màmá, kì í ṣe ẹ̀yin, àbí?"

Mo dìde.

"Èmi ni. Irọ́ ni mo pa. Èmi ni mo ní kó lọ sùn níbẹ̀. Èmi ni mo bẹ Kóòṣì. Ilé-ẹ̀kọ́ ló ní kí n ti géètì mọ́ ọn, wọ́n sì fi iṣẹ́ rà mí kí n lè sọ pé mi ò mọ̀."

Olóòǹtẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Kóòṣì fi ọwọ́ bo ojú.

Lọ́yà ló dá mi lóhùn. "Ẹ̀rí dà?"

"Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìjáde."

"Ẹ gbé e wá."

"Mo ti ya á."

"Ẹ ya á? Ṣé ẹ lè tò ó pọ̀?"

"Mo ti sun ún."

Ó fi imú rẹ́rìn-ín. "Ìyáàfin, ẹnu kan, ọ̀rọ̀ méjì. Èwo ni ká mú níbẹ̀?"

Alága gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ wàásù. "Àánú kọ́ la fi ń ṣàkóso eré ìdárayá. Eléré tó bá sùn níbi tí kò yẹ, tó jẹ ohun tí kò yẹ, ti rí àǹfààní tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ò rí. Ìwà mímọ́ eré la ń dáàbò bò."

Mo kọjú sí Alága.

"Sà, níbo lẹ sùn lánàá?"

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní níbo lẹ sùn? Èmi ni mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín. Èmi ni mo gbé ìrọ̀rí méjì wá fún yín. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ wá dájọ́ rẹ̀ ló fún yín nílé, òun ló bọ́ yín, òun ló fi ọkọ̀ gbé yín wá. Ilé, oúnjẹ, ọkọ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà nínú òfin yín lẹ gbà, sà! Méjì péré ni ọmọ yìí gbà."

Akọ̀wé dá bírò dúró. Alága wò ó. "Ẹ má kọ ìyẹn sílẹ̀," ó ní. Ó wá kọjú sí mi. "Àlejò ṣíṣe nìyẹn. Òfin eléré kò kan àwa alákòóso. Ẹ mú obìnrin yìí jáde."

Ṣọ́jà kọ́, ọlọ́pàá kọ́. Máìgádì méjì tí a jọ máa ń jẹun lọ́sàn-án ni wọ́n pè. Ọ̀kan rọra sọ sí mi létí pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n fà yín."

Ìdájọ́ jáde lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Wọ́n ní ìwé tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ sí ló dúró. Bí wọ́n bá gba òtítọ́ mi gbọ́, wọn á ní láti yọ ikọ̀ wa, ilé-ẹ̀kọ́ wa ló sì ń fa èrò wá sí ìdíje wọn jù. Irọ́ mi bá wọn lára mu. Òtítọ́ mi fún wọn lọ́rùn. Wọ́n mú èyí tó bá wọn lára mu.

Ikọ̀ náà lọ. Wọ́n fi aṣọ́lé mìíràn sílé, ọmọ tí kò tíì ṣọ́lé nínú ìdíje rí. Àmì ayò mẹ́fà sí òdo ni wọ́n fi nà wọ́n nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ mọ́kànlélógún tí mo ní mò ń gbà là nìyẹn. Nígbà tí wọ́n dé, kò sí ọ̀kan tó kí mi.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé òṣìṣẹ́ tí a kò lè fọkàn tán ni mí. Ìyẹn nìkan ni wọn ò parọ́ nípa rẹ̀.

Kòkọjá fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kí ìdánwò àṣekágbá tó bẹ̀rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ní ẹni tí kò gbá bọ́ọ̀lù kò lè gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bọ́ọ̀lù. Àwọn kan náà tó ra irọ́ tí wọ́n fi ní kó má gbá a ni o!

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ń mú inú mi ru títí di òní. Lọ́dún kejì, Àjọ yí òfin náà padà. Ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n fi kún un: bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti ilé ìgbé pa, eléré lè sùn lọ́dọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá. Mo pe ọ́fíìsì wọn.

"Ọmọ tí òfin àtijọ́ bá ńkọ́?"

"Ìyáàfin, òfin kì í padà sẹ́yìn."

"Ìyà rẹ̀ ń lọ síwájú ní tiẹ̀."

Wọ́n pa fóònù. Mo tún pè. Wọ́n tún pa á. Mo ti kọ lẹ́tà mẹ́sàn-án sí wọn. Wọn ò fèsì ọ̀kan.

Ẹ̀yin tó jẹ́ òṣìṣẹ́ kékeré bíi tèmi, ẹ fetí sílẹ̀. Àwọn ńlá wọ̀nyí kò lè dá nìkan pa ẹnikẹ́ni. Wọ́n jìnnà jù, wọn ò mọ ojú ẹni tí wọ́n fẹ́ pa. Wọ́n máa ń wá ẹnì kan tó mọ ọmọ náà, tí ọmọ náà ń pè ní màmá, kó bá wọn fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá ní kí ẹ jókòó, ẹ dìde.

Oṣù tó kọjá ni mo gbọ́ ibi tí Kòkọjá wà. Ó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdókọ̀ ńlá kan. Mo lọ síbẹ̀ ní òwúrọ̀, mo tò sórí ìlà. Èèyàn mẹ́jọ ló wà níwájú mi. Fèrèsé náà kéré, ó sì ní láti tẹ̀ kó tó lè bá èèyàn sọ̀rọ̀.

"Ẹ káàárọ̀. Ibo lẹ ń lọ?" Ó gbójú sókè, ó rí mi. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ìwé.

"Mi ò lọ síbì kankan. Ìwọ ni mo wá rí."

"Èrò wà lẹ́yìn yín, mà."

Mà. Kì í ṣe Màmá.

"Mo wá bẹ̀ ọ́. Wọ́n ti yí òfin yẹn padà. Mò ń kọ̀wé sí wọn, mi ò ní í jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ìkà ni wọ́n. Alága yẹn, Ọlọ́run á..."

"Ẹ má bá mi bú Alága." Ohùn rẹ̀ kékeré yẹn náà ni, kò yí padà. "Alága ò mọ̀ mí rí. Ìwé ló rí. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ mí."

Ọdún méjì ni mo fi kó ọ̀rọ̀ jọ fún Alága, fún lọ́yà, fún Olóòǹtẹ̀. Mi ò kó ọ̀kan jọ fún òun.

Ọkùnrin kan ké lẹ́yìn mi. "Ìyá, ṣé ẹ máa ra tíkẹ́ẹ̀tì ni, àbí ẹ ò ní í rà?"

Ó gbójú kọjá èjìká mi.

"Ẹni tó kàn."